Àwọn Tí Igi Mọ̀ Nínú Ilé Wa

Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì kà á níbì kan. Nínú ìwé pélébé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá àgbà ní Iléṣà, ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lá kọ ọ́ pé "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n kú. Kọ́lá kò sí níbẹ̀. Ìkejì-Arákejì ló wà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí. Ọwọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń dúró wò lójú títì, ọwọ́ yẹn náà lè di kálàmù mú. Ó ti rẹ̀ mí ni. N ó máa sinmi láàárín ọ̀rọ̀, ẹ má bínú.

Káfíńtà ni Bàbá àgbà, bàbá tó bí bàbá mi. Ọmọ Iléṣà ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá tiwọn. Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá àga àti tábìlì káàkiri Òṣogbo, wọ́n kó bẹ́ńṣì mẹ́ta sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n kó èmi àti àbúrò bàbá mi mọ́ ọn, a sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Òṣogbo. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Mo sọ fún wọn lójú ọ̀nà pé ẹni tó ti dàgbà tó yìí kì í tún ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ mọ́. Wọn ò tilẹ̀ wojú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà di ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì yẹn mú dáadáa, ó ń ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀."

Wọn kì í fi téèpù wọn ohun tí ọwọ́ bá ká. Wọn á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí pákó, wọn á fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn á wá sọ ibi tó wọ́. Mo ti fi téèpù yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn láìmọye ìgbà, n kò ká wọn mọ́ ọn rí. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì máa ń sọ bí inú bá ti ń bí wọn. "Uṣẹ́ ulé mi lẹ fẹ́ bà jẹ́!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí a gbà ní Òṣogbo á máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ráfíù ló burú jù nínú wọn, ọkùnrin gíga kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ti níyàwó kó tó wá kọ́ṣẹ́. Òun á dúró sẹ́yìn wọn, á máa sín wọn jẹ: "Uṣẹ́ ulé! Uṣẹ́ ulé!" Wọn á ju pàǹtí igi lù ú lórí. Ṣùgbọ́n bí àkókò ìrun bá tó, tí Ráfíù bá tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Bàbá àgbà á gbé òòlù sílẹ̀, wọn á sì ní kí gbogbo wa gbé tiwa sílẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gidi ni wọ́n o. Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ń bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, n kò lè máa kanṣó sí i létí."

Ikọ́ wọn la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọn á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ méjèèjì lórí orókún, èjìká á máa lọ sókè sódò, àyà wọn á sì máa súfèé bí ìkòkò omi tó fẹ́ hó. Kò sẹ́ni tó kà á sí àìsàn nínú wa. Bàbá mi náà súfèé bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi kú, n kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà náà. Àbúrò bàbá mi náà ń súfèé. Èmi náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà kan bá wọlé tó da aṣọ bo imú nítorí eruku, Bàbá àgbà á wò ó láti òkè délẹ̀, wọn á ní, "Ṣé olè lo fẹ́ lọ jà ni?"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ṣe kókó. Ilé wa ní àṣà kan tí n kò tíì rí nílé káfíńtà mìíràn, mo sì ti dé ilé káfíńtà púpọ̀. Bí ọmọkùnrin bá ti ń pààrọ̀ eyín, wọn á wẹ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, wọn á mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àgbà á jókòó tì í. Wọn á fi sáńpépà ha ìrókò gbígbẹ títí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ á fi kún àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn á sì fẹ́ ẹ fùù sí i lójú. Gbogbo ẹbí á dákẹ́. Bí ọmọ náà bá sín, bí imú rẹ̀ bá dí, bí omi bá ń dà lójú rẹ̀, ariwo á ta: "Igi ti mọ̀ ọ́n!" Káfíńtà nìyẹn. Èyí tó bá jókòó bí ẹni pé atẹ́gùn lásán ni wọ́n fẹ́ sí i, wọn á ra aṣọ ilé ìwé tuntun fún un.

Kọ́lá kò sín. Ó rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n tún fẹ́ ẹ sí i, ó ní, "Bàbá, ó ń rùn bí ata." Bó ṣe di tíṣà nìyẹn. Nígbà tó kàn mí, mo sín lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án! Wọ́n ní bàbá mi sín mẹ́fà, àbúrò bàbá mi sín márùn-ún. Kò sẹ́ni tó tíì sín tó mi nílé yẹn títí dòní olónìí. Ojú mi wú títí di ìrọ̀lẹ́, n kò rí ẹran tí wọ́n bù fún mi, ṣùgbọ́n èjìká Bàbá àgbà ni mo wà, wọ́n ń gbé mi yí àdúgbò ká. Ẹni tí a bá ti pàdé, Bàbá àgbà á ní fún un pé, "Ẹ wo èyí dáadáa. Èyí kò ní í wá iṣẹ́ kiri láyé."

Wọn ò parọ́. Ní ọmọ ogún ọdún, kò sí káfíńtà kan ní gbogbo Iléṣà tó lè bá mi du àga alápá. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ohun tó wà lọ́wọ́ mi kí ó tó bọ́.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Kékeré la máa ń pè wọ́n. Ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ, n kò sì ní í sọ ìyẹn nípa ẹlòmíràn. Ní Òṣogbo, òógùn á máa bò wọ́n nídìí ayùn, wọn á dúró, wọn á fi orí ti ògiri. Bí wọ́n bá lọ sílé ní Iléṣà fún Kérésìmesì, kó tó di ọjọ́ kẹrin wọ́n ti ń kọrin, wọ́n ń jó pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bí a bá padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó bá fi máa di Ọjọ́rú, àyà ti tún dí. Bàbá àgbà ní àárò ilé ni. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún la ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Kékeré, ẹ kúkú gbé Iléṣà wá sí Òṣogbo."

Ọ̀sán ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, wọ́n ń fá pákó arère, ìfági bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ètè wọn ti dúdú kí a tó gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà obìnrin kan, tí kò dàgbà púpọ̀, fi nǹkan bò wọ́n ní imú, ó wá jáde sí wa. Èmi, Bàbá àgbà àti Ráfíù la dúró síbẹ̀.

"Bàbá, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ilé wa. Káfíńtà."

"Ta ló tún ń mí báyìí nílé yín?"

Bàbá àgbà na ọrùn. Ẹ ò bá rí wọn. "Gbogbo àwa ojúlówó ni. Èmi. Bàbá ọmọ yìí, kí wọ́n tó kú. Ọmọ yìí fúnra rẹ̀, mẹ́sàn-án ló sín."

"Ó sín kí ni?"

Wọ́n ròyìn àṣà náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n ṣe ń ha ìrókò, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Dókítà bọ́ ìgò ojú rẹ̀.

"Àwọn tí kò sín ńkọ́? Àwọn tí kì í ṣe ẹbí?"

"Ráfíù nìyí. Kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Igi kò mọ̀ ọ́n rárá ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ikọ́ fée ni wọ́n ń pe nǹkan yìí, eruku igi ló sì ń fà á. Kì í mú gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá wáyé ni ara wọn kò ti fẹ́ gba eruku yìí. Ó ń ti ọ̀dọ̀ bàbá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ, bí imú ṣe ń jọra. Á mú ọmọ kan, á fi ìkejì sílẹ̀. Ráfíù yìí náà gbọ́dọ̀ máa bo imú, eruku kò dára fún un, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ lè fara dà á. Tiyín kò lè fara dà á. Sísín yẹn, ara ọmọ ló ń sọ pé òun kò fẹ́. Ẹ̀yin wá ń ṣa àwọn tí ara wọn kò fẹ́, ẹ ń kó wọn sínú eruku."

Mo dá sí i. Mo ní, "Dókítà, ẹ mọ iye ilẹ̀kùn tí ọwọ́ yìí ti gbẹ́?" Bàbá àgbà fi ọwọ́ kàn mí láyà pé kí n dákẹ́.

Bàbá Kékeré kú lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí a ń jáde ní géètì ọsibítù, Bàbá àgbà dúró. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Èmi ni mo fẹ́ ẹ sí i lójú."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n yí padà, n kò sì fẹ́ràn ìyípadà náà, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Wọ́n ya aṣọ ìbora wọn méjì sí wẹ́wẹ́, wọ́n ní kí olúkúlùkù máa dì í mọ́ imú. Àwọn tó ń fi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́! Ráfíù dì í láì jiyàn. Èmi kọ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé olè la fẹ́ lọ jà ni?" Wọ́n gbé aṣọ náà sórí bẹ́ńṣì mi, wọ́n rọra tẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ láyé mi, ti òmùgọ̀ yẹn lo rántí."

Ọmọ mi, Tọ́pẹ́, ń pààrọ̀ eyín lọ́dún náà. Èmi ni mo taku pé a gbọ́dọ̀ ṣe é fún un. Dókítà kan kò lè wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pa àṣà ilé wa rẹ́. Mo ti sọ kiri pé Tọ́pẹ́ máa sín ju mẹ́sàn-án lọ. Ìyàwó mi wẹ̀ fún un, ojú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó wẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí ti Iléṣà wá. Bàbá àgbà jókòó ti ọmọ náà, wọ́n mú ìrókò, wọ́n mú sáńpépà. Wọ́n ha á, wọ́n ha á, títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi kún. Tọ́pẹ́ ti di ojú rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wa ń retí.

Bàbá àgbà dìde. Wọ́n rìn lọ sétí gọ́tà, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú náà nù, wọ́n bu omi, wọ́n fọ ọwọ́ wọn mọ́ tónítóní.

"Ọmọ yìí ń lọ sílé ìwé."

"Bàbá, ẹ ò tíì fẹ́ ẹ!"

"N kò ní í fẹ́ ẹ. Ráfíù! Wá níbí."

Ráfíù wá. Wọ́n mú ìfági tí bàbá wọn fún wọn, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. "Ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù yìí láti òní."

Ráfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú pàǹtí igi, ó ń nawọ́ sí mi. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ yẹn. Kí ni ayé máa sọ nípa mi?"

"Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìwọ," wọ́n kọjú sí mi, "gbé òòlù kalẹ̀."

Níwájú àwọn ẹbí! Èmi tí mo sín mẹ́sàn-án! Mo pariwo débi pé àwọn ará ìdojúkọ jáde. Mo ní, "Ẹ gbé iṣẹ́ ilé wa fún ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun!" Wọn ò gbé ohùn sókè rárá. Wọ́n ní, "Ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ń mí."

Mo gbé òòlù kalẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ni mo fi gbé e. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n fi ọwọ́ mi ṣe? Ṣé kí n máa ta búrẹ́dì ni? Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo gba iṣẹ́ sí ilé ìlagi kan lẹ́yìn ìlú. Bí wọ́n ti gbọ́ orúkọ mi ni wọ́n fi mí sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ilé ìlagi rí, ẹ kò mọ eruku. Ó ń bọ̀ bí ìkúukùu, ó ń wọ etí, ó ń wọ oúnjẹ. Nígbà tó máa fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìyàwó mi ń sunkún. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló lọ sọ fún Bàbá àgbà, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀kadà kan gbé wọn dé ẹnu géètì ilé ìlagi. Wọ́n gbé àga kékeré kan dání. Wọ́n gbé e kalẹ̀ síbi tí eruku ti ń dà jáde, wọ́n sì jókòó. Wọn ò di nǹkan kan mọ́ imú. Àwọn òṣìṣẹ́ ní, "Bàbá, ẹ súnra kúrò lójú eruku." Wọ́n ní àwọn ń dúró de ọmọ àwọn ni. Mo jáde sí wọn.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí ìwọ ń ṣe nínú lọ́hùn-ún ni. Mò ń fà á símú."

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹ ń dójú tì mí."

"Bí o bá ń lọ, à á jọ lọ."

Mo wọlé padà. Wọ́n jókòó títí a fi ṣíwọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti débẹ̀ ṣáájú mi. Àwọn ọmọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ń yọ mí lẹ́nu: "Ẹ̀gbọ́n, bàbá yín kì í pẹ́ẹ́ dé ibi iṣẹ́ o. Ọ̀gá máa tó fi wọ́n jẹ fọ́máànù." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta, mo gba ẹ̀yìn wọlé kí ojú wa má baà pàdé. Ọjọ́ kẹrin, Ráfíù wá, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí n wá gba ṣọ́ọ̀bù padà, kí bàbá lè dìde. Mo ní kó lọ bi bàbá. Ó lọ bi wọ́n. Wọ́n ní bí ó bá gbé ìfági yẹn fún mi, àwọn á gbé àga wá sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ náà.

Ọjọ́ kẹfà, ikọ́ mú wọn. Kì í ṣe ti àárọ̀ tí a mọ̀. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ rí wọn, ó pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ìlagi dákẹ́. Láti ibi tí mo dúró sí nídìí ayùn, mo ń gbọ́ àyà wọn láti géètì, ó ń súfèé. Tèmi náà sì ń súfèé, mo gbọ́ méjèèjì pọ̀.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo jáde. Mo gbé àga lọ́wọ́ kan, mo fi ìkejì di wọ́n mú. Wọ́n ní, "O pẹ́. Ṣùgbọ́n o jáde."

A gbé wọn lọ sí Iléṣà. Ike oògùn tí ọsibítù fún wọn láti máa fẹ́ sẹ́nu kò ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. N kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láràárọ̀, wọn á ní kí n yí ẹ̀yìn sí àwọn, wọn á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn sí mi lẹ́yìn, wọn á rọra fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ pákó wò. "Mí kí n gbọ́." Màá mí. "Mí dáadáa." Ó ń dára sí i lójoojúmọ́, nítorí n kò sí nínú eruku mọ́. Tiwọn ń burú sí i. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, òjò àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ sí mi lẹ́yìn, mo mí, wọ́n ní, "Èyí dára. Má ṣe bà á jẹ́."

N kò bà á jẹ́. Ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ ni mò ń tà báyìí, lọ́nà jíjìn sí ibi tí wọ́n ti ń la igi. Ráfíù ló ni ṣọ́ọ̀bù, ó ń bo imú, ó sì ń gbé àwòrán ilẹ̀kùn wá fún mi kí n wò ó. Kò sí ilẹ̀kùn kan tó gbẹ́ tí n kò rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Tọ́pẹ́ ń lọ sílé ìwé. Ìgbà mìíràn wà tó máa ń sín bí wọ́n bá ń gbá ilẹ̀. N kì í kà á.

Mo ti ṣírò ohun tó lọ. Bàbá mi. Bàbá Kékeré. Bàbá àgbà. Bàbá tó bí Bàbá àgbà, wọ́n ní òun náà húkọ́ títí ó fi kú, ṣùgbọ́n n kò rí i, nítorí náà n kò kà á mọ́ ọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Lára èémí mi, bí mo bá ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà, mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí n tó débẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìdajì. Ènìyàn mẹ́ta, iṣẹ́ kan, ìdajì èémí.